Wọ́n Tò Wá Bí Ẹni To Àgbàdo

Ọkùnrin náà kò fi ọjọ́ kan jókòó wò wá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wa tò. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, kò sì tí ì tán nínú mi. Ọ̀gá àgbẹ̀ ìjọba ni. Ó gun alùpùpù láti Atakpamé wá sí abúlé wa lẹ́bàá Akparé, ó kí baálẹ̀, ó mu omi, ó ní àáró wa ò létò. Nígbà náà, wọn ò tí ì dí odò Mono ní Nangbéto, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé láti Lomé ni.

Àáró tó ní kò létò yìí, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. A ó jọ kọ ebè iṣu lóko rẹ lónìí, lọ́la ó di oko tèmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ́ fún ọkọ́ lásán. Àwọn géńdé wà níbẹ̀, bàbá arúgbó kan wà tó mọ ibi tí àpáta ti sún mọ́ òkè, àwọn Kabiyè tó ti àríwá wá dáko wà, àwọn obìnrin tó ń se ẹ̀wà wà. Àbúrò bàbá mi obìnrin náà wà níbẹ̀, opó tí ẹ̀yìn ríro kò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìyá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìyá ló ń sọ oko tó kàn, bí ìjà bá sì dé, iwájú Ìyá ló ń parí sí. Àṣà wa ni pé oko ẹni tí kò lè gbé ọkọ́ la fi ń ṣí ọdún, nígbà tí apá gbogbo ènìyàn ṣì le. Bí a bá fi í sẹ́yìn, àjẹkù agbára ni yóò kàn án, ebè pẹlẹbẹ tí òjò yóò wó palẹ̀.

Olùkọ́ wa kan ní Lomé kọ́ wa nípa oko tó fara wé igbó: àgbàdo dúró, ẹ̀wà gùn ún, ẹ̀gúsí bo ilẹ̀ kí oòrùn má jó o, àgbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wo ilẹ̀ fún odindi ọdún kó tó yí i padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ronú nípa iṣu. Èmi ń ronú nípa àáró wa, níbi tí kálukú ti ń gbé ẹnìkejì ró.

Ohun tí ọ̀gá àgbẹ̀ ṣe fún wa dà bí ẹni fa ẹ̀wà tu kúrò lára àgbàdo. Ó kó àwọn géńdé sọ́tọ̀, ó kó obìnrin sọ́tọ̀, ó kó Kabiyè sọ́tọ̀, ó ní kí àwọn arúgbó lọ sinmi. Ó ní iṣẹ́ yóò yá. Ẹni tí kò bá gbé ọkọ́, oko rẹ̀ kò sí nínú ètò. Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó ṣe gbogbo èyí, èbù iṣu tí Ìyá fẹ́ gbìn sì ti ń hu lábẹ́ ewé. Bí ọyẹ́ bá bá ilẹ̀ wọn láìkọ ebè, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kí ni opó yóò jẹ kó tó dìgbà náà?

Mo dìde nípàdé abẹ́ máńgòrò. Mo sọ ọ́ ní Faransé pé oko Ìyá ló yẹ ká fi ṣí ọdún, mo tún un sọ ní èdè wa, kí ẹnikẹ́ni má wí pé òun ò gbọ́.

“Ṣé Ìyá lè kọ ebè?” ni ọ̀gá àgbẹ̀ bi mí.

“Ṣé ẹ ti bi Ìyá léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú àáró?”

Olórí àwọn géńdé rẹ́rìn-ín, ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ Ìyá ló gbà á nígbà tí wọ́n ń bí i. “Ẹ̀gbọ́n, Faransé yín dùn. Ẹ gbé ọkọ́ wá dípò Ìyá, ká wò ó bóyá Faransé lè kọ ebè.”

Mo lọ sílé lọ mú ọkọ́. Ìyá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Gbé e kalẹ̀. Tó o bá ṣe é, o ti gbà fún wọn nìyẹn. Opó kejì tó wà nísàlẹ̀ abúlé, tí òun náà kò lè gbé ọkọ́, ta ló ní ní Lomé tí yóò wá kọ tiẹ̀?”

“Èbù yín ń gbẹ, Ìyá.”

“Mo lójú.”

N kò lè jókòó. Mo rìn dé Datcha lọ wá ọ̀gá tó wà lórí ọ̀gá àgbẹ̀ náà, wọ́n ní kò sí nílé. Mo rìn padà. Lójoojúmọ́ ni mo ń ṣí ewé wo èbù, tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀ oko. Ilẹ̀ ń le, èbù ń hunjọ.

Àwọn géńdé ló kọ́kọ́ túká. Gbogbo wọn ló lágbára, gbogbo wọn ló fẹ́ kí oko tòun ṣáájú, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó tó. Ọkọ́ ti ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lórí àpáta tí bàbá arúgbó ì bá fi hàn wọ́n. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n lura wọn, wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ilé Ìyá.

“Ìyá, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí.”

“Èmi kẹ̀? Mi ò sí nínú ètò.”

Olórí wọn ń wo ilẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá.”

“Ẹjọ́ yín gùn, ó ju èyí tí mo lè gbọ́ nílé lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sóko mi. Kí kálukú máa rojọ́, kí ọkọ́ máa lọ.”

Wọ́n rojọ́ di ọ̀sán, wọ́n ń bú ara wọn láti ebè dé ebè, Ìyá jókòó lábẹ́ igi, Ìyá ń dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀ nìkan ni ọkọ́ ṣì ń wọlé. Apá òkè ti le bí ọ̀nà ọkọ̀, ìdajì èbù sì ti kú. Ìdajì tó kù la gbìn.

Ọ̀gá àgbẹ̀ kọjá, ó rí ọ̀pọ̀ ènìyàn lóko, ó ní ẹgbẹ́ òun ti ń ṣiṣẹ́. Mo mú un lọ sí apá òkè. Mo ní kó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, kó sì sọ ẹni tí yóò ru ẹ̀bi rẹ̀. Ó ń wo alùpùpù rẹ̀. Ìyá pè mí pé kí n jẹ́ kó máa lọ, kí n wá fi ewé bo orí ebè. Mo lọ bò ó. Iṣu ọdún yẹn tán nílé Ìyá kí tuntun tó ta, ẹnikẹ́ni ò sì ru ẹ̀bi rẹ̀.