Ihò Karùn-ún

Nígbà tó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira, èmi ni ọ̀gá ikọ̀ kan tó ń ṣe ìwádìí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìdànrè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ri dáínámáìtì sínú ihò márùn-ún nítòsí Atosin, kí a lè fi bí ilẹ̀ bá ṣe mì mọ irú àpáta tó wà nísàlẹ̀. Mo ka ìró mẹ́rin. Ẹ̀karùn-ún kò dún.

Mo sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ mi pé, “Kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbi tó wà.”

Ibẹ̀ la wà tí ìyá àgbà kan fi yọ láti inú oko kòkó, tó ru agbọ̀n, tó ń bọ̀ tààrà síbi ihò náà. Ó rò pé a ti parí. Mo pè é títí, kò gbọ́. Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ sáré lọ, mo fà á padà. Èmi ni mo pàṣẹ iṣẹ́ náà. N kò lè rán ọmọ ọlọ́mọ lọ pàdé ikú. Mo sáré. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n débi pé mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Mo di ìyá náà lọ́wọ́ mú, mo wọ́ ọ lọ sẹ́yìn òkúta ńlá kan. A kò tíì lúgọ tán tí ilẹ̀ fi bú gbàù, tí òkúta ń já lu ewé kòkó.

Nígbà tó rọlẹ̀, ó nu iyẹ̀pẹ̀ ojú rẹ̀. “Ọmọ mi, kí lẹ ń wá nínú ilẹ̀ gan-an?”

Ẹnu mi ń gbọ̀n, n kò lè dáhùn. Òun ló di ọwọ́ mi mú títí ara mi fi balẹ̀.