Ìkúnlẹ̀ Ẹnu Géètì

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọ̀fà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ síkíọ́rítì. Géètì iwájú ni wọ́n fi mí sí, èmi nìkan lobìnrin láàárín àwọn ọkùnrin, mo sì fẹ́ràn géètì yẹn débi pé bí wọ́n bá ní kí n wá jókòó nínú ọ́fíìsì tó tutù, màá kọ̀. Ẹnu géètì ni mo ti ń rí ayé. Mo ń rí bàbá ọmọ tuntun tó wọ bàtà sódì nítorí ayọ̀. Mo ń rí ìyá àgbà tí wọ́n gbé wá lórí ọ̀kadà láti Ìjàgbò, tó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu ṣùgbọ́n tó ṣì lágbára láti bá ọlọ́kadà jà pé eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí gbogbo wọn.

Màmá mi nìkan ni kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ṣe títí tí wọ́n fi fẹ̀yìntì, kò sì sí ẹni tó kàwé ládùúgbò wa tí kò jẹ ẹgba wọn rí. Bí àwọn èèyàn bá bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni mò ń ṣe báyìí, wọ́n á ní, "Ilé ìwòsàn ló wà," wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà kíá. Gbogbo ìjọ ti gbà pé nọ́ọ̀sì ni mí. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wọn tiẹ̀ dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, ó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá òun ń lò ó dáadáa. Mo wo Màmá, wọ́n ń wo òkè àjà.

Ìjà kan ló ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì lọ́jọ́ tí mi ò sí níbi iṣẹ́. Àwọn ẹbí aláìsàn kan fẹ́ wọlé nígbà tí àkókò àbẹ̀wò ti kọjá, wọ́n ti ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wa, òun náà sì lu ẹnì kan nínú wọn títí tí imú onítọ̀hún fi ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwòsàn bínú gan-an. Ó ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ kọ́ bí èèyàn ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀ àti géètì rẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. A ó kọ́kọ́ kọ́ ọ lórí fóònù, lẹ́yìn náà olùkọ́ kan yóò wá kọ́ wa lójúkojú lórí pápá. Ẹni tí kò bá yege lórí pápá yóò kúrò lẹ́nu géètì, ẹ̀yìn ilé nídìí jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa ṣọ́. Jẹnẹrétọ̀ kẹ̀! Ta ni mo fẹ́ máa kí níbẹ̀?

Mi ò ní parọ́, mo gbádùn ti orí fóònù. Òyìnbó kan tí apá rẹ̀ ki pọ́pọ́ ló ń kọ́ wa nínú fídíò, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí nílẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti ń wò ó nígbà ìsinmi. Bí òjò bá ti ṣú, nẹ́tíwọọ̀kì á lọ, òyìnbó á sì dúró pẹ̀lú ọwọ́ lókè bí ẹni tó ń béèrè ààyè láti lọ tọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá yé mi, mo lè dá a padà kí n tún un wò, kò sẹ́ni tó máa pè mí ní olódo. Ó ní ọwọ́ èèyàn ni ká máa wò, ká má wo ẹnu. Ó ní ká má dúró síbi tí ọwọ́ ẹni tínú ń bí ti lè tó wa. Ó ní ká tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wa síwájú àyà, ká sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n bi wá ní ìbéèrè níparí, mi ò ṣi ọ̀kankan. Mo yangàn káàkiri ọgbà ilé ìwòsàn títí ọ̀rọ̀ mi fi sú àwọn alásè.

Olùkọ́ tó wá kọ́ wa lójúkojú jẹ́ wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n tó ti fẹ̀yìntì, bàbá kan tó níkùn, tó ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Pápá kan lẹ́bàá ojú irin rélùwéè ni wọ́n kó wa lọ. Ó ri igi méjì mọ́lẹ̀, ó ní géètì nìyẹn. Ó béèrè ẹni tó ti parí ti orí fóònù tán, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ó ní kí n bọ́ sẹ́nu géètì, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá.

Ó lọ sẹ́yìn igi ńlá kan létí pápá. Nígbà tó máa jáde, ó ti gbé agbádá wọ̀, ó dé fìlà, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ dání, ó sì ń rọra bọ̀ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń rìn lọ sílé ìpàdé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ló wí. Mi ò mọ ìgbà tí eékún mi méjèèjì kanlẹ̀. Mo dorí kodò, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Kí n tó gbójú sókè, ó ti fọwọ́ kan tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mo ti wọlé. Mo ti dé wọ́ọ̀dù."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ẹ̀rín ọ̀hún kò pẹ́, nítorí nígbà tó kàn wọ́n, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ẹni tó fọwọ́ kanlẹ̀ fọwọ́ kanlẹ̀, bàbá sì gba orí gbogbo wọn kọjá.

Inú bí mi. Mo ní, "Ọ̀gá, fídíò kò sọ pé bàbá àgbà ló ń bọ̀!"

Ó ní, "Òyìnbó inú fóònù rẹ kò ní bàbá àgbà ní Ọ̀fà."

"Ṣé kí n má kí yín ni, sà? Bí mo bá dúró gbagidi tí mò ń wo àgbàlagbà lójú kòrókòró, ṣé kì í ṣe èmi ni mo máa fa ìjà?"

Mo rò pé yóò bú mi. Ó kàn ń họ irùngbọ̀n ni. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Lọ wá ìkúnlẹ̀ tí wàá lè tètè dìde níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó kọ́ wa bí a ṣe ń já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá dì wá mú. A ṣe é, a tún un ṣe, títí apá fi ń ro wá. Ìyẹn náà wà nínú fídíò, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n, àfìgbà tí ọwọ́ èèyàn gidi dì mí mú. Kí a tó tú ká, ó ní ìdánwò kan ṣoṣo ló kù, kí kálukú mú àgbàlagbà kan wá láti ilé, ẹni tí a kò lè sọ pé rárá fún, kí onítọ̀hún gbìyànjú láti wọlé. Mo mọ ẹni tí tèmi máa jẹ́.

Nílé, mo tún ṣí fídíò náà, mo ń wo ẹsẹ̀ òyìnbó dípò ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i pé kó tó sọ ọ̀rọ̀ kankan ló ti ń fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Mo bá dìde ní pálọ̀. Mo fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, mo tẹ eékún ẹsẹ̀ yẹn sísàlẹ̀ díẹ̀ láì jẹ́ kó kanlẹ̀, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú, ojú mi sì wà lọ́wọ́ ẹni tí mò ń kí. Ẹni tí mò ń kí ni Màmá, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àga.

Wọ́n ní, "Kí lèyí? Ṣé eékún ń dùn ẹ́ ni?"

"Mò ń kí yín ni, mà."

"Ìkíni wo nìyẹn? O ń wò mí lọ́wọ́ bí ẹni pé mo fẹ́ jí ọ lẹ́rù. Èmi ò kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ní bí mi ò bá yege, ìdí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń gbé mi lọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Wọ́n ní, "Jẹnẹrétọ̀ kì í lu èèyàn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, mo sì fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀wà tó dára ni wọ́n ń jù nù, òkúta ni wọ́n ń dá sínú àwo. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ojú iṣẹ́ mi ń tì wọ́n, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé àwọn èèyàn á ṣe mí léṣe lẹ́nu géètì. 

Wọ́n gbé àwo sílẹ̀. Wọ́n ní, "Tún un ṣe. Ẹ̀yìn rẹ le jù. Rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ohùn rẹ sì kúnlẹ̀ bí eékún rẹ ò bá ní kúnlẹ̀." Mo tún un ṣe títí wọ́n fi padà gbé àwo ẹ̀wà wọn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Màmá wọ kẹ̀kẹ́ wá sí pápá, wọ́n wé gèlè, wọ́n gbé báàgì ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ apá. Bàbá wọ́dà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n gbìyànjú tọkàntọkàn. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá mi? Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ń bọ̀.

Mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, mo tẹ eékún. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn. Àkókò àbẹ̀wò kò tíì tó, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó síbí."

"Èmi tí mo bí ẹ?" Wọ́n sì di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń wọ́ mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré ni, kò tíì dẹ̀ rárá. Gbogbo ara mi fẹ́ gbọ́ràn. Omi ti ń bọ̀ lójú mi, ṣùgbọ́n mo yí ọwọ́ mi sí ọ̀nà àtàǹpàkò wọn, ó já. Mo fi ọwọ́ kejì gbá ìgbọ̀nwọ́ wọn mú, mo rọra yí wọn kọjú sọ́nà, mo sì dì wọ́n mú kí wọ́n má kọsẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ ò lè wọlé."

 Màmá wo ọwọ́ wọn, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi.

Bàbá wọ́dà ní, "Ó yege."

Màmá ní, "Kò tíì yege. Ẹ jẹ́ kí n tún gbìyànjú." Wọ́n tún gbìyànjú, wọn kò sì rí ọ̀nà wọlé. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ fún bàbá pé ẹsẹ̀ òyìnbó ni mo wò kọ́ ọ, ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ní kí n bá òun fi fídíò òyìnbó yẹn sórí rẹ̀, òun náà fẹ́ wo ẹsẹ̀ ọ̀hún. Ó ní ìkúnlẹ̀ yẹn ni òun yóò fi máa kọ́ àwọn tó kù.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá olóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tún dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ń ṣí báàgì rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì wa, bá mi wo èyí." Mo wo Màmá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò wo òkè àjà.

Wọ́n ní, "Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ló ń ṣọ́ géètì ilé ìwòsàn. Lọ gbìyànjú bóyá wàá wọlé."