Ọjọ́ Tí Mo Sín Bàbá Àkànní Jẹ

Ọjọ́ ìkórè kan ní Bajulaiye, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ni n kò lè gbàgbé. Èmi ni mo lọ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo so ìwo rẹ̀ mọ́ òrùlé, mo tan án, kò dún.

Ẹnu mi kì í sinmi. Mo di máìkì mú, mo ń sín Bàbá Àkànní jẹ, akólòlò tó fẹ́ kí àwọn àlejò fún ìgbà àkọ́kọ́: "Ẹ... ẹ... ẹ káà... káà..."

Mo gbàgbé pé gílóòbù inú ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ gbóná kó tó fọhùn. Àṣé ó ti gbóná. Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá ká ìwé ọwọ́ wọn. "Ọmọ mi, o ti bá mi kí wọn," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ sílé.

Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n dárí jì mí, àmọ́ wọn ò sọ̀rọ̀ láwùjọ mọ́ títí wọ́n fi kú.