Àbúrò Mi Tí Kì Í Jẹ Ẹran

Láti kékeré ni àbúrò mi obìnrin kò ti fẹ́ràn ẹran. Bí ìyá wa bá bu oúnjẹ fún wa nílé wa ní Kabba, á rọra gbé ẹran rẹ̀ sínú àwo mi, á sì dojú kọ iṣu. Ó ní ẹ̀wà máa ń fọ́ òun lórí. A pè é ní aṣàjẹ. Ìyá wa bá a wí títí ó fi sú u.

Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìyá wa ní abiyamọ kò lè máa jẹ iṣu lásán. Ọbẹ̀ tó kún fún ẹran àti ẹja láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án. Ó ń jẹ ẹ́ nítorí ọmọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo kí i bí a ṣe ń kí ara wa ní Kabba pé "Okun o," ó wojú mi, ó bi mí pé ta ni mí.

Àwọn kan ní abísínwín ni. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wá ibà tì. Dókítà obìnrin kan tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀ ló wá jókòó tì mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ǹjẹ́ oúnjẹ kan wà tí àbúrò yín kì í fẹ́ jẹ?"

Mo ní ẹran, mo ní ẹ̀wà, láti kékeré. Ó dìde lójú ẹsẹ̀. Ó ní ká dá gbogbo ẹran, ẹja àti ẹ̀wà dúró, ó fa omi ṣúgà sí i lára, ó sì kọ̀wé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìlọrin. Kí a tó débẹ̀, àbúrò mi kò mọ nǹkan kan mọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e sínú yìnyín kó má bàa yí padà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Amóníà inú rẹ̀ ti kọjá ààlà.

Olùkọ́ bàólọ́jì ni mí. Ohun tí mo ti ń kọ sójú bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ yìí ló wá dùbúlẹ̀ síwájú mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí a bá jẹ ẹran tàbí ẹ̀wà, májèlé kan tó ń jẹ́ amóníà máa ń jáde lára rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di yúríà, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń dà sídìí àgbàdo, a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ ẹ́ńsáìmù ló ń gbé iṣẹ́ náà láti ọwọ́ kan dé ìkejì. Ọ̀kan lára wọn kò lágbára nínú ẹ̀dọ̀ àbúrò mi láti inú ìyá rẹ̀ wá. Amóníà náà ló gun orí rẹ̀.

Inú mi dùn pé a ti rídìí rẹ̀, débi pé ojú tì mí, torí kò tíì jí. Mo ń rìn síwá sẹ́yìn ní kọ́rídọ̀. Ara àbúrò mi ti mọ ohun tí gbogbo wa kò mọ̀! Mo pe ìyá wa lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní:

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi bọ́ ọmọ mi pa."

Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń gba oògùn, ó lajú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi ńkọ́?" Láìwọ bàtà ni mo sáré lọ pe nọ́ọ̀sì.

Wọ́n yẹ ọmọ náà wò, ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ pé. Wọ́n sì ti fi ìwọ̀n ẹran tí àbúrò mi lè jẹ hàn án. Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Aago lù, kò sẹ́ni tó dìde.