Ẹ Kú Iṣẹ́ Lédè Gẹ̀ẹ́sì

Nílé wa ní Ìgandò, o ò gbọdọ̀ kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Tíṣà ni màmá mi, ọmọ Èkìtì, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré rárá. Lọ́jọ́ kan mo ti dé títì, mo fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Egan, ni wọ́n bá pè mí padà nítorí bíríkìlà tó ń mọ fẹ́ǹsì aládùúgbò wa. Inú bí mi. Mo padà, mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo sì fajú ro dáadáa kí ọkùnrin náà lè mọ̀ pé wọ́n rán mi ni.

Àṣà ìkíni yẹn ni mo gbé wọ bàálù lọ sí ìlú òyìnbó. Nígbà tí mo ṣe tán ní yunifásítì, iléeṣẹ́ kan tó ń ya àwòrán gọ́tà fún àwọn ìlú kéékèèké gbà mí fún oṣù mẹ́fà, pé àwọn fẹ́ fi wò mí ná. Tí iṣẹ́ mi bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á gbà mí pátápátá, wọn á sì bá mi ṣe ìwé tí màá fi dúró. Tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, físà ọmọ iléèwé tó wà lọ́wọ́ mi ti ń tán lọ, kí n yáa di ẹrù mi kí n máa bọ̀ nílé. Kò lé, kò dín.

Ọ̀gá mi níbẹ̀, obìnrin tó tó màmá mi lọ́jọ́ orí, máa ń dé ṣáájú gbogbo wa. Láràárọ̀ tí mo bá wọlé, màá bá a níbi tó ti tẹ orí ba níwájú kọ̀ǹpútà. Mi ò lè kọjá láìsọ̀rọ̀. Mo yí ẹ kú iṣẹ́ sí gẹ̀ẹ́sì bí gbogbo wa ṣe ń yí i l'Ékòó: "Well done, ma." Mo sọ ọ́ fún àwọn tó kù náà. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún ẹnì kan tó kàn ń po tíì. Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀, ó wo èmi.

Ní oṣù kejì ni ọ̀gá mi pè mí wọ yàrá rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ta ló ní kí o máa fún mi ní máàkì láràárọ̀?"

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ìgbà tó ṣe ló tó yé mi pé létí tiwọn, ọ̀rọ̀ tí tíṣà máa ń sọ fún ọmọ tó gba ìṣirò ni. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bẹ̀bẹ̀, mo jáde.

Mo pe màmá mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo di gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ wọn ló fẹ́ dá mi padà sí Ìgandò yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí inú fi bí mi, wọ́n wá ní kí n lọ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún obìnrin náà. Mi ò gbọ́. Olórí kunkun ni mí, jàre. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá mi bí olè. Ojú ara mi ń tì mí.

Nígbà tó sú mi, mo kanlẹ̀kùn rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé nílé wa, a kì í fi ìkíni yẹn sọ pé iṣẹ́ dára. Òógùn là ń kí, ẹ̀yìn tó ń ro èèyàn là ń kí.

Ó ní, "Ẹni tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ńkọ́?"

Mo ní òun gan-an ló yẹ ká kí jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ kan wà tí òun fẹ́ rán mi.

Wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà kan tí iléeṣẹ́ wa yà, omi ò sì yéé ya wọ ilé àwọn ará ibẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ bá ará ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Mo débẹ̀, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ẹrẹ̀, mo sì tètè ṣàlàyé ìkíni mi lọ́tẹ̀ yìí. Kò pẹ́ tí àgbàlagbà kan nínú wọn fi mú mi lọ sẹ́yìn ògiri iléèwé kan. Ó ní ibẹ̀ ni omi ti ń wá, kì í ṣe ibi tí àwòrán wa wí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi àwọn. Ọmọ Ìgandò ní Alímọ̀ṣọ́ ni mí, mo mọ ojú ibi tí àgbàrá ń gbà. Mo wò ó, òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún àwòrán náà yà.

Wọ́n gbẹ́ ẹ bí mo ṣe yà á. Òjò rọ̀, omi ò wọlé ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹfà, ọ̀gá mi fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́: wọ́n ti gbà mí.

Mo sáré pe màmá mi. Mo sọ ọ́ tán, mo ń retí kí wọ́n hó. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn wọn. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìròyìn tí mo gbé fún wọn: ọmọ wọn ò ní padà wálé mọ́ báyìí.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ń gbàdúrà ẹ̀, mà."

"Èmi ni," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sunkún ẹ̀ ná. Tí mo bá ṣe tán, màá pè ọ́ ká jọ yọ̀."

Wákàtí kan ò tíì pé tí wọ́n fi pè mí. Àwọn àti gbogbo ará ilé ni, orin ọpẹ́ ni wọ́n sì ń kọ.