Gólù Mọ́kànlélógójì Ezekiel

Kò sẹ́ni tó gbàgbé pẹnáritì tí Ezekiel gbá ní pápá Ladi-Lak ní Bàrígà. Ó sáré wá láti ọ̀ọ́kán bí ẹni tí ajá ń lé, ó gbá a, bọ́ọ̀lù wá ń rọra yí lọ bí arúgbó tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ́lé kúnlẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀ tán kó tó gbé e. Ezekiel kígbe pé, "Ẹ wò ó bó ṣe ń kúnlẹ̀ fún mi!"

Ẹ̀yìn ló ń gbá, bọ́ọ̀lù kì í sì í kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń fi títún àwọ̀n ẹja ṣe jẹun létí ọ̀sà Bàrígà, kò gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n rí láyé rẹ̀.

Dọlápọ̀, tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ló tẹ káàdì ẹgbẹ́ wọn: àwòrán níwájú, iye gólù lẹ́yìn. Àwọn ọmọdé ń fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ezekiel mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gba Wonder kan, ìyẹn atamátàsé wọn. Lọ́jọ́ kan, Dọlápọ̀ yí bébà sódì, gólù mọ́kànlélógójì Wonder bá bọ́ sẹ́yìn Ezekiel. Wonder gba òdo.

Ojú ti Dọlápọ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀ padà, ó dáná sun ún, àfi ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ Ezekiel.

"Bọ̀dá Ezekiel, ẹ jọ̀ọ́. Tí kọ́sítọ́mà bá rí i, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́."

"Wonder mélòó lo mú wá?"

"Mẹ́ta."

"Ó ti di márùn-ún. Èmi àti Wonder kì í ṣẹgbẹ́ mọ́."

Ó mú márùn-ún wá, ó di mẹ́wàá. Ọdún mọ́kànlá gbáko! Àlejò kan kò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kí Ezekiel má yọ káàdì sí i. "Ẹ má bi mí. Ẹ kà á. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́."

Oṣù tó kọjá ló kú. Tabitha, ìyàwó rẹ̀, ló mú káàdì náà wá sí Ṣómólú, etí káàdì ọ̀hún ti jẹ tán.

"Ó ní kí n dá a padà fún ẹ, pé o ti bẹ òun tó."

Dọlápọ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Àṣé ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí tó bẹ́ẹ̀. Kò ya káàdì náà. Ó gbé e sídìí ẹ̀rọ, ó sì fi ṣe káàdì ìrántí tí wọ́n pín níbi ìsìnkú: gólù mọ́kànlélógójì lẹ́yìn, orúkọ ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ gbàgàdà nísàlẹ̀.

Wonder yí tiẹ̀ padà, ó kà á. "Dọlápọ̀, o tún ti ṣe é!"

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Wonder yí i síwájú, ó wo àwòrán náà. Ó na ọwọ́.

"Ó dáa. Fún mi ní mẹ́wàá."