Tọ́ Ọ Wò: Oògùn Bàbá Ràímì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àgbà kì í purọ́, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti fún àgbà ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rí. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn láàrin Ọ̀mù-Àrán àti Èsìẹ́. Mo ń gun ọ̀kadà kiri ilé àwọn arúgbó, mo sì ń rí i pé wọ́n lo oògùn wọn bó ṣe yẹ. Mo ti rí bàbá tó ń fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹní ìkírun. Mo ti rí ìyá tó ń fọ́n tirẹ̀ fún adìẹ, adìẹ náà sì sanra. Ẹlòmíràn ní òun ń tọ́jú tòun de ọjọ́ tí ara bá le gan-an, bí ìgbà téèyàn ń tọ́jú aṣọ iléyá. Gbogbo wọn á wojú mi kòró, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ti lò ó."

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera alábẹ̀wò ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, Òrò ni mo lọ́kọ sí. Nítorí náà, Yorùbá ilé ìwé ni àwọn arúgbó yìí fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bú mi ni wọ́n ń bọ́ sí Ìgbómìnà. Mo ti wá gbọ́ Ìgbómìnà dáadáa.

Ọ̀gá mi obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé, "Má bi wọ́n ní nǹkan kan. Jókòó síbẹ̀ títí wọn á fi gbàgbé pé àlejò ni ẹ́." Mo rò pé oúnjẹ ló ń wá, torí kò sí ilé tó jókòó pẹ́ sí tí wọn ò ti gún iyán fún un.

Èsìẹ́ ni mo ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, ní ilé Bàbá Ràímì. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá yìí, ọmọ ilé olóyè, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti fẹ́ gbé e lọ rí, ìyàwó rẹ̀ ni mo sì fa oògùn lé lọ́wọ́. Ìyá Ràímì kì í gbàgbé. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, tí ògì ti délẹ̀, oògùn ti dé nìyẹn. Láìpẹ́, ẹ̀jẹ̀ bàbá wálẹ̀, mo sì ń fi wọ́n yangàn nílé àwọn aláìgbọràn.

Ìgbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé oògùn ń tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Lásìkò kan náà, Ìyá Ràímì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Bó bá dìde lórí àpótí, òòyì á kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ìkòkò gbígbóná sì jó o lápá. Ràímì, àkọ́bí wọn, sọ̀ kalẹ̀ láti Ìlọrin, ó ní iṣẹ́ títọ́jú bàbá ló fẹ́ pa ìyá òun, òun á mú un lọ. Bàbá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Bí wọ́n bá mú un lọ, Nọ́ọ̀sì, ta ló kù fún mi?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mo ṣì ń fura sí i. "Bàbá, àbí ẹ̀ ń lo oògùn yìí ní ìlọ́po méjì?"

"Ṣé àkàrà ni, tí n ó fi máa bù sí i?"

Mo fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ó ti lọ sílẹ̀ jù, ó sì bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi wá sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ kejì, mo dé láàárọ̀ kùtù, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo bá wọn bó ẹ̀gúsí. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti gbàgbé mi.

Ìyá gbé oògùn jáde. Ó ju hóró kan sẹ́nu ara rẹ̀, ó fi ògì gbé e mì, ó la ẹnu han ọkọ rẹ̀ gbàgà. Lẹ́yìn náà ló wá fún bàbá ní tirẹ̀, pẹ̀lú ife omi.

Ẹ̀gúsí dà nù lọ́wọ́ mi. "Ìyá! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tọ́ ọ wò fún un ni."

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi léèrè ìdí tó fi ró aṣọ. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ tàbí ohun mímu fún ẹni iyì, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn onítọ̀hún lè balẹ̀. Èmi náà ń tọ́ ọbẹ̀ wò fún ọkọ mi. Ó kàn jẹ́ pé n kò mọ̀ pé ẹnìkan lè ka oògùn mọ́ ọbẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wọlé," bàbá ń yangàn, "kò fún mi ní ohun tí kò tọ́ wò rí."

"Bàbá, oògùn yín ló ń gbé wọn ṣubú."

Ó wo ojú àpá iná tó wà lápá ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìgbómìnà bú mi, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò bínú.

"Má tọ́ ọ wò mọ́," ó wí fún ìyá.

Ìyá kọ̀ jálẹ̀. "Kí n máa ju nǹkan sí yín bí ẹni ń fún ajá? Ó tì o."

Bàbá nawọ́ sí mi. "Nọ́ọ̀sì ló gbé e wá, kí ó máa tọ́ ọ wò."

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ tèmi ò ga, àfi bí ẹ̀yin bá fẹ́ gbé e ga lónìí." Mo wo ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, omi yìí ńkọ́? Ṣé ẹ tọ́ òun náà wò?"

Ìyá wo ife náà, ó mi orí pé rárá. Bàbá gbé ife náà jìnnà sí ẹnu. "O ò tọ́ omi wò? Látọjọ́ yìí?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yanjú nìyẹn. Omi ni Ìyá Ràímì ń tọ́ wò láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì ṣubú mọ́. Ràímì tún wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣu ló kó lọ, kò mú ìyá.

Láìpẹ́ yìí ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá, dókítà sì kọ oògùn fún òun náà. Èmi ni mo gbé e lọ. Bí mo ṣe fà á lé e lọ́wọ́, bàbá fi ọ̀pá dìde. Mo múra láti gba hóró oògùn lẹ́nu rẹ̀. Ìdí àmù ló lọ. Ó bu omi sínú ife, ó mu ún, ó dúró díẹ̀, ó la ẹnu gbàgà.

"Gbà, Àṣàbí. Mo ti tọ́ ọ wò."

N kò gbọ́ kí ó pe oríkì rẹ̀ rí. Ìyá gba ife náà, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó fi etí ìborùn nu ojú.

"Bàbá Ràímì," ó ní, "ẹ ti mu ún tán."